Tí Nẹ́ẹ̀fù Èjìká Bá Farapa: Bí Ẹ Ṣe Máa Mọ̀ Ọ́n, Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀

Èjìká tó ń dun èèyàn kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ nẹ́ẹ̀fù. Lọ́pọ̀ ìgbà, okùn tó so ẹran mọ́ eegun ló wú tàbí tó ya, tàbí kó jẹ́ oríkèé fúnra rẹ̀ ló gan. Àmọ́ tó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀fù ni, ìyẹn iṣan tín-ín-rín tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ wá sínú ẹran ara tó sì ń gbé ìmọ̀lára padà, ọ̀rọ̀ náà ní gbèdéke. Ẹran tí nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ ti já kì í dúró deni títí. Nítorí náà, kì í ṣe ìrora ni kí ẹ máa fi ka ọjọ́, àìlágbára ni. Ìrora lè lọ pátápátá kí apá má sì lè gòkè mọ́. Àwọn kan á máa dúpẹ́ pé ara ti yá nígbà tí ẹran èjìká wọn ń gbẹ lọ lábẹ́ aṣọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ yẹ àmì ewu wò

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba ìdúró rárá. Ọjọ́ tí ẹ bá rí wọn gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn:

- Èjìká yẹ̀ kúrò ní oríkèé tàbí eegun apá kán, pàápàá bí ọwọ́ bá tutù tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà.
- Nǹkan mímú gé ọrùn, abíyá tàbí èjìká, apá sì rọ lẹ́yìn náà.
- Gbogbo apá rọ lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí alùpùpù. Bí ìpéǹpéjú ẹ̀gbẹ́ yẹn bá tún wálẹ̀ tí ọmọlójú ibẹ̀ sì kéré ju èkejì lọ, ó ṣeé ṣe kí gbòǹgbò nẹ́ẹ̀fù ti já kúrò lára mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn.
- Ẹsẹ̀ náà ń rọ, tàbí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́.
- Apá rọ, ojú wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́. Rọpárọsẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe nẹ́ẹ̀fù èjìká.
- Èjìká tàbí apá ń dunni, àyà ń fún, òógùn ń bo ara, èémí kò já gaara. Ọkàn ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ìṣègùn fa èjìká tó yẹ̀ padà sípò. Bí eegun bá ti kán pẹ̀lú, fífà yẹn lè gé nẹ́ẹ̀fù tàbí òpó ẹ̀jẹ̀ tí ìjàǹbá náà kò tíì pa lára. Kódà nílé ìwòsàn, ohun tó tọ́ ni pé kí dókítà yẹ ìmọ̀lára àwọ̀ èjìká wò kó tó dá a padà, kó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn ò bá ṣe é, kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ béèrè.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀ máa ń tọ́ka sí nẹ́ẹ̀fù tó farapa ju ibi tó ń dunni lọ. Gbòǹgbò márùn-ún ló jáde láti inú eegun ọrùn àti òkè eegun ẹ̀yìn, tí àwọn dókítà ń pè ní C5, C6, C7, C8 àti T1. Wọ́n lọ́ mọ́ra wọn lẹ́yìn eegun tó dábùú láàárín ọrùn àti èjìká, wọ́n wá pínyà lọ sí apá. Ibi tí wọ́n ti lọ́ mọ́ra ni brachial plexus. Nẹ́ẹ̀fù mẹ́rin ni ẹ máa rí orúkọ wọn jù nínú ìwé àyẹ̀wò tó bá jẹ mọ́ èjìká.

Axillary ni àkọ́kọ́. Ó yí ẹ̀yìn ọrùn eegun apá ká nísàlẹ̀ oríkèé, òun ló ń darí deltoid, ẹran tó bo orí èjìká. Nígbà tí èjìká bá yẹ̀, tàbí tí eegun apá kán lókè níbi ọrùn rẹ̀, nẹ́ẹ̀fù yìí kò ríbi sá sí. Ọ̀pá ìtilẹ̀ tí èèyàn ń kì bọ abíyá náà lè tẹ̀ ẹ́ bó bá ga jù. Ọwọ́ ló yẹ kó gbé ìwọ̀n ara, kì í ṣe abíyá.

Suprascapular gba inú kòtò tóóró kan kọjá lókè eegun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù volleyball àtàwọn tó ń ju nǹkan léraléra lórí ló sábà máa ń ní ìṣòro rẹ̀, torí bí apá ṣe ń fì ni nẹ́ẹ̀fù ń ha mọ́ etí kòtò náà. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, àpò omi kékeré tó yọ láti inú oríkèé tó ti ya ló ń tẹ̀ ẹ́. Ìrora rẹ̀ kì í mú, ó máa ń wà lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn èjìká, ó sì lè pẹ́ kó tó hàn pé agbára ń dín kù.

Long thoracic gùn, ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìhà wálẹ̀ láti abíyá. Báàgì ẹ̀yìn tó wúwo, kí nǹkan gbá èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, iṣẹ́ tí apá kì í sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tàbí iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ti yọ àwọn kókó abíyá, gbogbo wọn ló lè ṣe é léṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí eegun pẹlẹbẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Spinal accessory kò sí lára àwọn tó lọ́ mọ́ra yẹn. Ọrùn lókè ló ti ń bọ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn kọjá lábẹ́ awọ níbi tí kò jìn rárá, ó ń darí trapezius, ẹran tó gbé èjìká ró. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń ṣe é léṣe, nígbà tí wọ́n bá ń yọ kókó ọrùn, kódà kókó kékeré tí wọ́n kàn fẹ́ lọ fi ṣe àyẹ̀wò. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí eléyìí, torí ìdádúró níbí máa ń náni púpọ̀. Bí wọ́n bá yọ kókó lọ́rùn yín, tí èjìká ẹ̀gbẹ́ yẹn wá ń wálẹ̀, tí ẹ ò lè gbé apá kọjá ìwọ̀n èjìká, ẹ má gbà pé ìrora ojú ọgbẹ́ lásán ni. Ẹ padà lọ bá oníṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ sì béèrè ní tààràtà bóyá spinal accessory ló kàn. Nẹ́ẹ̀fù tí wọ́n bá tètè rí pé ó gé ṣeé so. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọdún kan ṣòroó so.

Àrùn kan tún wà tí kò ní ìjàǹbá kankan nínú. Parsonage àti Turner, dókítà méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1948, wọ́n sì ń fi orúkọ wọn pè é títí dòní. Orúkọ rẹ̀ kejì ni neuralgic amyotrophy. Èèyàn á sùn láìní nǹkan kan, ìrora èjìká tó le gan-an á wá jí i lóru. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ibà tàbí òtútù kan, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ibòmíì, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, tàbí láìsí ìdí tó hàn. Kò sí bó ṣe fẹ́ gbé apá sí tó máa dẹ̀ ẹ́ lára. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìrora á rọlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni apá ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí rọ, tí ẹran sì ń gbẹ. Níbí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù: ìrora lọ, aláìsàn kò padà sílé ìwòsàn mọ́.

Ìṣòro ọrùn náà lè fara jọ ti èjìká. Bí ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ọrùn bá yọ tí ó tẹ gbòǹgbò C5, èjìká ló máa dunni, òun náà ló máa rẹ̀. Ohun tó máa tú u fó ni pé yíyí ọrùn tàbí gbígbé orí sẹ́yìn máa ń dá ìrora sílẹ̀, nígbà tí gbígbé ọwọ́ lé orí máa ń dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kí ó fi kún un pé nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ kò le tó ti ẹlòmíì. Kí ó yẹ ìwọ̀n ṣúgà wò pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yẹ èjìká wò níwájú dígí

Bí eegun bá kán tàbí tí èjìká yẹ̀, ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ òkè, kí ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán dúró sẹ́yìn yín. Ẹ fi apá méjèèjì wéra nínú gbogbo rẹ̀.

1. Ẹ wò ó lásán ná. Ṣé orí èjìká kan ti tẹ́ bẹẹrẹ nígbà tí èkejì yípo? Deltoid ló gbẹ. Ṣé kòtò wà lókè tàbí nísàlẹ̀ ìlà tó yọ lára eegun pẹlẹbẹ? Suprascapular nìyẹn. Ṣé èjìká kan lọ sílẹ̀ ju èkejì? Ẹ fura sí spinal accessory.

2. Ẹ fi òwú fọwọ́ kan apá lókè lápá ìta, níbi tí wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára sí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá kú tipiri, axillary ló ń sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí ìmọ̀lára bá pé, kò tíì yọ axillary kúrò nínú ẹ̀sùn. Ẹran lè rọ kí awọ má mọ̀ ọ́n.

3. Ẹ rọ́ ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, kí ẹ ká a, kí ọwọ́ wà níwájú. Ẹnì kejì á di ọwọ́ yín mú látìta, ẹ̀yin á máa tì í síta. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tètè juwọ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ suprascapular, ó sì lè jẹ́ okùn tó ya.

4. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí apá nà. Kí ẹni ẹ̀yìn wo bóyá eegun pẹlẹbẹ kan yọ síta bí ìyẹ́. Long thoracic ló sábà máa ń fa ìyẹn.

5. Ẹ gbé èjìká méjèèjì sókè síbi etí, kí ẹnì kejì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá tètè juwọ́ sílẹ̀, ẹ fura sí spinal accessory.

6. Ẹ jẹ́ kí apá rọ̀, kí ẹnì kejì gbé e sókè fún yín. Bí ó bá gòkè dáadáa lọ́wọ́ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ̀yin ò lè gbé e fúnra yín, nẹ́ẹ̀fù tàbí okùn tó ya ló kàn. Bí ó bá kọ̀ láti gòkè lọ́wọ́ òun náà, oríkèé ló gan.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ló ń tètè ya èjìká gígan sọ́tọ̀. Kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá èjìká gígan fún ẹni tí nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ já, oṣù tó ṣeyebíye ló ń lọ sófo yẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: Àyẹ̀wò nílé ìwòsàn

X-ray á fi eegun hàn, kò lè fi nẹ́ẹ̀fù hàn. Ultrasound tàbí MRI ló ń fi okùn tó ya, àpò omi àti ọrùn hàn. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tí èjìká rẹ̀ yẹ̀ lè ní okùn tó ya àti nẹ́ẹ̀fù tó farapa pọ̀, nítorí náà kí rírí ọ̀kan má ṣe dá wíwá èkejì dúró.

Àyẹ̀wò tó ń bá nẹ́ẹ̀fù sọ̀rọ̀ tààràtà ni EMG pẹ̀lú ìdíwọ̀n bí iná ṣe ń gba inú nẹ́ẹ̀fù kọjá. Wọ́n á ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ inú ẹran, ó dunni díẹ̀ ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Àkókò rẹ̀ ṣe pàtàkì: nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lẹ́yìn ìfarapa ni àmì pé ẹran ti pàdánù nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ máa ń hàn dáadáa. Bí wọ́n bá ṣe é ní ọjọ́ kẹta tí èsì sì dà bí ẹni pé kò burú, kí ẹ má fi í sinmi lé. Ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ tún béèrè iye tí agbára ẹran náà jẹ́ lórí òṣùwọ̀n 0 sí 5, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá lọ. Òdo ni kí ẹran má mira rárá, 1 ni kó kàn ta pọ́ún, 3 ni kó lè gbé apá láìsí ẹrù, 5 ni agbára pípé. “Ó ti ń yá díẹ̀díẹ̀” kò tó. Nọ́ńbà ni ẹ fẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ irú ìfarapa, kí ẹ ka oṣù

Lọ́dún 1943, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Seddon pín ìfarapa nẹ́ẹ̀fù sí mẹ́ta, ìpín yẹn sì wúlò títí dòní. Ẹ ro nẹ́ẹ̀fù bíi wáyà iná. Ní neurapraxia, wáyà àti rọ́bà rẹ̀ ò já, iná ni kò kọjá. Ó máa ń padà láàárín ọjọ́ mélòó kan sí nǹkan bí oṣù 3. Ní axonotmesis, wáyà inú já ṣùgbọ́n rọ́bà ṣì wà, nítorí náà wáyà tuntun lè gba inú rẹ̀ hù padà. Ní neurotmesis, gbogbo rẹ̀ já. Èyí kì í padà láìsí iṣẹ́ abẹ.

Nẹ́ẹ̀fù máa ń hù ní nǹkan bíi mìlímítà 1 lójúmọ́. Bí ibi tó ti já bá fi sẹ̀ǹtímítà 9 jìnnà sí ẹran, ẹ má retí nǹkan kan kí oṣù 3 tó pé, bóyá kó tún lé. Lọ́wọ́ kejì, ẹran tí kò ní nẹ́ẹ̀fù fún nǹkan bí oṣù 12 sí 18 máa ń di ohun tí nẹ́ẹ̀fù kò lè jí mọ́. Ìdí tí oṣù kẹta fi jẹ́ ààlà nìyẹn: bí ó bá pé oṣù 3 tí ẹran kò tíì ta pọ́ún, tí EMG kò sì fi àmì hàn pé nẹ́ẹ̀fù ń padà bọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi yín ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ tó mọ̀ nípa nẹ́ẹ̀fù. Lílọ síbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé wọ́n máa gbé ọ̀bẹ.

Ìròyìn ayọ̀ wà pẹ̀lú. Èyí tó pọ̀ jù nínú axillary tó farapa nígbà tí èjìká yẹ̀ ló máa ń padà fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Ti Parsonage àti Turner náà sábà máa ń dára, àmọ́ ó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìtọ́jú ojoojúmọ́ nígbà ìdúródè

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí oríkèé má gan. Bí nẹ́ẹ̀fù bá padà tó bá èjìká tó ti gan, wàhálà méjì ló kù. Nígbà tí dókítà bá ti gbà yín láàyè, ẹ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ tó dá ṣáṣá di èyí tó ń ṣàìsàn mú, kí ẹ máa gbé e sókè lórí díẹ̀díẹ̀ dé ibi tó bá lè dé láìsí ìrora líle. Ẹ máa ṣe é nígbà mélòó kan lóòjọ́. Onífísíò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, á fi ìyókù hàn yín, pàápàá bí ẹ ṣe máa darí eegun pẹlẹbẹ.

Bí apá bá wúwo, aṣọ ìgbápá ń ranni lọ́wọ́, torí apá tó ń rọ̀ dirodiro máa ń fa nẹ́ẹ̀fù wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má wà lọ́rùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá jókòó, ẹ gbé ìgúnpá lé ìrọ̀rí.

Kí ẹran tó ń rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí ta, gbígbé ẹrù wúwo kò mú kí nẹ́ẹ̀fù yára hù. Àwọn ẹran tó yí i ká ló máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tiwọn, tí ọrùn á wá máa dunni. Nígbà tó bá ti ń padà, eré ìdárayá kúkúrú léraléra sàn ju ọ̀kan gígùn lọ, torí kíákíá ló máa ń rẹ̀ ẹ́. Ìfọwọ́ra pẹ̀lẹ́ kò burú, ó lè dẹ ara. Kò lè so nẹ́ẹ̀fù. Àmọ́ fífa apá gbọ̀ngbọ̀n lè tún pa á lára. Ibi tó bá kú tipiri, kí ẹ má gbé omi gbígbóná lé e, kò ní mọ̀ bó bá ń jó.

Ìgbésẹ̀ 7: Oògùn

Paracetamol àti ibuprofen lè ṣiṣẹ́ lórí ìrora oríkèé, wọn kì í sábà tó fún ìrora nẹ́ẹ̀fù, èyí tó ń jó, tó ń ta, tó ń gúnni bí abẹ́rẹ́. Amitriptyline, gabapentin àti pregabalin ni dókítà sábà máa ń kọ fún un. Gbogbo wọn ló lè mú oorun wá, nítorí náà ẹ má wakọ̀ títí ẹ ó fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe yín, ẹ má sì dédé dá wọn dúró lọ́jọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ti Parsonage àti Turner, dókítà lè kọ prednisolone bó bá tètè mọ̀ ọ́n. Ó lè dín ìrora kù, àmọ́ ó ń gbé ṣúgà sókè, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sọ fún dókítà.

Fítámì B ni ọ̀pọ̀ ń sáré rà. Ó wúlò fún ẹni tó bá ṣaláìní rẹ̀ lára. B6 tó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́ lára, òun fúnra rẹ̀ máa ń ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Nígbà tí iṣẹ́ abẹ bá kàn

Nẹ́ẹ̀fù tí nǹkan mímú gé kì í dúró de oṣù 3, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló yẹ kí wọ́n so ó. Àpò omi tó ń tẹ suprascapular ṣeé yọ. Fún ìfarapa tí awọ kò ya, oṣù kẹta sí kẹfà ni àkókò tó dára jù. Bí orí méjèèjì bá jìnnà síra, wọ́n lè gé nẹ́ẹ̀fù kan láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ fi dí àlàfo, ohun tí ìyẹn á sì gbà lẹ́sẹ̀ ni ìmọ̀lára díẹ̀. Wọ́n sì lè yá ẹ̀ka nẹ́ẹ̀fù tó wà nítòsí, bíi kí wọ́n mú ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ka tó ń lọ sí triceps, ẹran ẹ̀yìn apá lókè, so mọ́ axillary. Èyí máa ń yá ju àlàfo dídí lọ nígbà míì, torí pé ibi tí wọ́n so ó sí sún mọ́ ẹran. Fún ẹni tí àkókò ti kọjá, wọ́n lè gbé okùn ẹran tó ṣì lágbára lọ síbi tí èyí tó kú wà. Kò ní dà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n apá á gòkè. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n: irú iṣẹ́ abẹ yìí mélòó ni ẹ máa ń ṣe lọ́dún, oṣù wo ni kí n máa retí pé ẹran á ta?

Ọmọ tuntun

Nígbà ìbímọ, bí èjìká ọmọ bá há, gbòǹgbò C5 àti C6 lè nà jù. Apá ọmọ á rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, á yí sínú, ìgúnpá kò ní ká. Erb ni wọ́n ń pè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa ń padà. Kí X-ray kọ́kọ́ fi hàn bóyá eegun kán, kí onífísíò kọ́ ìyá àti bàbá bí wọ́n ṣe máa mú gbogbo oríkèé apá náà yí pẹ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ aṣọ ọmọ. Ẹ má ṣe gbé ọmọ náà ní apá tàbí ní abíyá. Apá tó ń ṣàìsàn ni kó kọ́kọ́ wọ aṣọ, òun náà ni kó kẹ́yìn nígbà bíbọ́. Bí ọmọ bá pé oṣù 3 tí kò tíì lè ká ìgúnpá gbé ọwọ́ sún mọ́ ẹnu, ẹ ní kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí oníṣẹ́ abẹ nẹ́ẹ̀fù láì dúró de oṣù kẹrin.